Èéfín inú ilé òkúta ní Wales: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ìbéèrè mi níjọ́sí ni pé kí ló dé tí sítóòfù onígi inú ilé òkúta àtijọ́ tí mo gbà fún oṣù mẹ́ta ní Wales fi ń da èéfín sí yàrá, tí ògiri sì ń làágùn. Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yanjú.

Igi tútù ló fà á jù. Omi inú igi ìdáná kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ la igi náà kí ẹ tó fi mítà tó ń díwọ̀n omi inú igi wọn àárín rẹ̀, torí ẹ̀yìn igi tètè máa ń gbẹ, ó sì ń tan ni jẹ. Igi oak lè gbà tó ọdún méjì kó tó gbẹ.

Ṣímínì tó tutù kì í fa èéfín sókè. Ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ pátá, kí ẹ kọ́kọ́ jó ìwé ìròyìn díẹ̀ kó lè móoru. Ẹ má kó gbogbo eérú dànù. Ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ lábẹ́ igi.

Ní ti ògiri, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ló há omi mọ́ òkúta. Iṣẹ́ onílé nìyẹn. Ẹ ṣáà má sá aṣọ sínú yàrá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sùn níbẹ̀ láìsí ẹ̀rọ tó ń ké tó bá gbọ́ carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń jáde lára iná. Gáàsì yẹn kò ní òórùn rárá.