Ẹ̀yin HR (tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) Ìlọrin, kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Tanke: Mo rí iṣẹ́ kan lápá Geri Alimi, wọ́n ní HR generalist, ẹni tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ HR pọ̀, làwọn ń wá. Dìgírì, ìwé CIPM (àjọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ HR), ìrírí ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ni wọ́n ń fi yín ṣe gan-an?

Ìyá Ìbejì: Hmm. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni ọ̀gá ti kó kọ́kọ́rọ́ géètì àti ìwé jẹnẹrétọ̀ lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mò ń gbani síṣẹ́, èmi ni mò ń ṣírò owó oṣù, èmi ni mò ń kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, èmi náà ni mò ń ra omi. Ìyẹn ò dùn mí. Pẹ́ńṣọ̀n ló lé mi kúrò. Oṣooṣù la ń yọ 8% lára owó àwọn èèyàn, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ó dọjọ́ kan, bàbá tó ń wa ọkọ̀ wa gbé fóònù tó fi rọ́bà dè wá: "Màdáámù, ẹ bá mi ka àtẹ̀jíṣẹ́ yìí." Kò sí kọ́bọ̀ nínú àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá!

Àlàbí Ọ̀fà: 10% tó yẹ kílé iṣẹ́ fi kún un ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, èyí tí wọ́n yọ ò débẹ̀, tiwọn lẹ wá ń bi mí.

Kòṣeémàní: Oṣù mọ́kànlá, ẹ ò béèrè?

Ìyá Ìbejì: Mo béèrè. Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ omi.

Àgùnbánirọ̀ Òmù-Àrán: 😂😂😂 omi kẹ̀!

Àlàbí Ọ̀fà: Òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 ní kí owó náà tó débẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti sanwó oṣù. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti pé 15 nìyẹn o.

Kòṣeémàní: Áà! Ìdí nìyẹn! 14 la wà níbi tèmi. Tá a bá ti fẹ́ pé 15, ẹnì kan á ṣàdédé "kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀".

Ìyá Ìbejì: Ta ló ń bá wọn kọ ìwé ọ̀hún?

Kòṣeémàní: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ Òmù-Àrán: CIPM ò tiẹ̀ wúlò. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni HR tiwa, NCE ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ní.

Àlàbí Ọ̀fà: Òfin 1992 ló fún CIPM láṣẹ, kì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Adé Gànmọ́: NCE ṣe yín ní kí ni? Èmi náà ni mo ní.

Àlàbí Ọ̀fà: Mi ò bú NCE o.

Adé Gànmọ́: Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo ti mọ̀ yín.

Ọmọ Tanke: Ẹ ṣeun o. Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní ṣé mo mọ ọkọ̀ wà.