Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọ ajá ńlá rí, kí lojú yín rí lórí oúnjẹ àti sísanra?

Bàbá Tanímọ̀la, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin alájá. Boerboel ni tèmi, akọ, ó pé oṣù mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá tó ń ta ẹja dídì ládùúgbò wa (igba náírà ló gbà lọ́wọ́ mi, ó tún ní kí n fọ òṣùwọ̀n òun), ó wọn kìlò 31. Inú mi dùn, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Àmọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí ló ti ń tiro lẹ́sẹ̀ iwájú. Tó bá jí láàárọ̀, á máa dìde bí arúgbó. Ẹ̀bà, orí adìyẹ, panla àti mílíìkì ló ń jẹ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ó sì máa ń lá abọ́ mọ́ tónítóní. Kí lojú tiyín rí?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Kìlò 31 ní oṣù mẹ́rin? Ọmọ ajá ni àbí ọmọ màlúù?

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù:
Bàbá Tanímọ̀la, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tójú mi rí lọ́wọ́ Alsatian kò kéré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wà nígbà tí mo rà á. Ẹni tó tà á ní kí n máa fún un ní omi kálísíọ́mù kí etí rẹ̀ lè dúró. Mo gbọ́. Oúnjẹ ọmọ ajá inú àpò ló ń jẹ, mo ń da kálísíọ́mù lé e, mo tún ń lọ èèpo ẹyin sí i, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìyẹn náà dára. Etí dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù márùn-ún, ọrùn ẹsẹ̀ iwájú ti tẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ yà síta, ẹ ó rò pé ó ń jó ni. Dókítà ẹranko kò tiẹ̀ bú mi, ó kàn ní kí n da ike oògùn yẹn nù lójú òun. Ó ní oúnjẹ inú àpò ti ní kálísíọ́mù tó tó o, àti pé ìfun ọmọ ajá tí kò tíì tó oṣù mẹ́fà kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àlékún. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá rọ sí i ló ń gbà wọlé, egungun ló ń jìyà rẹ̀.

Alájá Múṣin:
Ẹ má bínú o, Ìyá Ìbejì, àsọdùn wà níbẹ̀. Ọdún 15 ni mo ti ń sin ajá tà, kò sí èyí tí kò mu kálísíọ́mù nínú wọn. N kò rí ẹyọ kan tẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Báwo lẹ ṣe máa rí i? Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ ń tà wọ́n. Ilé wa ni wọ́n ti ń tẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
😂😂 Ó parí.

Tọ́lá:
Etí tèmi dúró láìmu nǹkan kan. Ó dúró, ó tún wó nígbà tó ń pààrọ̀ eyín, ó tún dúró. Èmi ni n kò sùn.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta:
Bàbá Tanímọ̀la, n kò lè jókòó síbí kí n mọ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ ajá. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fọwọ́ kàn án, kí wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tẹ́yin fúnra yín ń lò, pàápàá ibuprofen. Ó lè pa á.

Ní ti sísanra, ẹ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ ná. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì ra àwọn kókó ẹ̀ṣẹ́ yẹn: ajá tí ìhà rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ ti rù jù. Ẹ wá tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ ra ẹ̀yìn ọwọ́. Bí ìhà ọmọ ajá ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ yí ọwọ́ padà, kí ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́: tí ìhà bá fara pamọ́ báyẹn, ẹ dín oúnjẹ kù. Egungun Boerboel lè máa dàgbà títí di oṣù 18. Oúnjẹ àjẹjù kò ní mú kó ga ju bí ìyá àti bàbá rẹ̀ ṣe bí i lọ, á kàn sáré débẹ̀, pẹ̀lú ẹrù lórí egungun tí kò tíì le. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002 fi ajá Labrador 48 ṣe é. Wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú oúnjẹ ìdajì àwọn ajá náà láti kékeré. Àwọn wọ̀nyẹn fi nǹkan bí ọdún méjì dín díẹ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tó yó lọ.

Alájá Múṣin:
Ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ajá bàbá mi jẹ ẹ̀bà títí ó fi kú, ọdún 14 ló lò, kò rí dókítà rí.

Délé Ológbà:
Ẹ̀gbọ́n, ajá ìbílẹ̀ yẹn kò lè ju kìlò 15 lọ, òkété ló sì ń lé kiri látàárọ̀. Boerboel tó máa tó kìlò 70 lẹ fẹ́ fi wé e? Orí táìlì ló ń sáré, ó ń yọ̀ ṣubú.

Ìjẹ̀bú Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹran ni èmi fi ṣe tèmi léṣe. Rottweiler. Mo ní ọmọ mi kò ní jẹ irú ìyà tí mo jẹ. Ẹran màlúù àti ìrẹsì, kò sí egungun, kò sí nǹkan míì. Ara rẹ̀ ń dán! Lọ́jọ́ kan ó bẹ́ sílẹ̀ látorí àga, mo gbọ́ "kà!" Ẹsẹ̀ ti dá. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, egungun ti fẹ́lẹ́ bí ìwé. Kálísíọ́mù inú ẹran lásán kò tó nǹkan, ara rẹ̀ wá lọ ń yá a lára egungun. Nítorí náà Ìyá Ìbejì, ẹ má bú kálísíọ́mù jù. Ní báyìí, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ẹranko ló ń bá mi wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, kì í gbowó.

Ìyá Ìbejì:
N kò bú kálísíọ́mù. Ẹni tó ní kí n dà á lé oúnjẹ tó ti ní in tẹ́lẹ̀ ni mo bú.

Alájá Múṣin:
Èmi lẹ bú yẹn.

Fẹ́mi Àkúrẹ́:
Kìlò 31, tó ń dán… ẹ rọra sọ̀rọ̀ o, àwọn ará Oǹdó wà níbí.

Lísà, Oǹdó:
Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń tọ́ ajá Caucasian méjì! Ṣé Oǹdó nìkan ni wọ́n ti ń bọ Ògún ni?

Fẹ́mi Àkúrẹ́:
Mo túúbá. Báwo lẹ ṣe ń bọ́ wọn?

Lísà, Oǹdó:
Ooru ló ń dà mí láàmú, kì í ṣe oúnjẹ. Àmọ́ èyí àbúrò dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ikùn tó rí roboto, gbogbo ilé ní ó sanra. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú bí abẹ. A fún un ní oògùn aràn. Ohun tó yà jáde, oṣù kan gbáko ni n kò lè jẹ sùpàgẹ́tì.

Tọ́lá:
Mo ń jẹun lọ́wọ́ o!!!

Ìyàwó Kékeré:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ajá ní Tanímọ̀la?

Bàbá Tanímọ̀la:
Alábàágbé mi ló fà á. Ó ní owó oṣù tíṣà kò lè bọ́ Boerboel. Títí dòní kò pe orúkọ yẹn, "Bingo" ló ń kí i.

Ẹ ṣeun, Dókítà. Mo ti fọwọ́ ra ìhà rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí. N kò rí ìhà. Mo pe ìyàwó mi kó bá mi wá a, òun náà kò rí i. Àárọ̀ ọ̀la la máa gbé e lọ. Mo ti dín ẹ̀bà alẹ́ òní kù, láti aago méje ló ti jókòó ti abọ́, ó ń wò mí bí ẹni pé mo kó owó àjọ rẹ̀ sá lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ má wojú rẹ̀ o.

Alájá Múṣin:
Ẹ bá a fi kálísíọ́mù díẹ̀ sí i…

Ìyá Ìbejì:
ALÁJÁ MÚṢIN!