Ìbọ̀wọ́-Ísọ̀, kì í ṣe “ìwà Jékọ́bù”

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé kí á máa pe spoofing, ìyẹn kí èèyàn tàbí ẹ̀rọ máa fi ara rẹ̀ pe ẹlòmíràn, ní “ìwà Jékọ́bù” lédè Yorùbá, ẹ kú làákàyè, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn. Ohun tí ẹ rí yé mi: ẹni tó fi orúkọ ẹlòmíràn wọlé, ohun tí Jékọ́bù ṣe náà ló ṣe, nígbà tó fi orúkọ Ísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìbùkún lọ́wọ́ Ísákì bàbá wọn. Ibi tí mo ti yà lọ́dọ̀ yín ni pé ẹ mú èèyàn, ẹ wá fi irinṣẹ́ tó fi ṣe é sílẹ̀; èmi ní ká máa pè é ní ìbọ̀wọ́-Ísọ̀.

Àwọn tó ń fi orúkọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò inú Bíbélì sọ nǹkan kì í sábà wo ìtàn ọ̀hún. Ẹ wo Cain & Abel (Kéènì àti Ébẹ́lì), ètò kọ̀ǹpútà tí Massimiliano Montoro ṣe fún Windows, tí wọ́n fi ń wá pásíwọ́ọ̀dù tó sọnù. Apá méjì ló ní. Cain ni èyí tí èèyàn ń rí lójú kọ̀ǹpútà, Abel sì ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kódà lórí kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn. Kò sẹ́ni tó pa ẹnì kankan níbẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Cain lè dúró sáàárín ẹ̀rọ méjì, kó máa sọ fún ti ọ̀tún pé òun ni ti òsì, kó tún sọ fún ti òsì pé òun ni ti ọ̀tún. Iṣẹ́ Jékọ́bù, orúkọ Kéènì!  

Àwọn oníṣẹ́ géèmù mọ̀ ọ́n lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Command & Conquer ti 1995, Kane (tó dún bíi Kéènì) ni olórí ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Nod, ìyẹn ilẹ̀ tí Kéènì lọ gbé lẹ́yìn tó pa àbúrò rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 27. Ojú Ísákì ti di bàìbàì. Rèbékà ló gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, òun ló fi awọ ọmọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ Jékọ́bù àti ibi tó ń dán lọ́rùn rẹ̀, òun náà ló kó aṣọ Ísọ̀ wọ̀ ọ́. Bàbá fọwọ́ pa á lára, ó ní ohùn Jékọ́bù nìyí, àmọ́ ọwọ́ Ísọ̀ ni. Ó tún gbóòórùn aṣọ. Nínú àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn nìkan ló sọ òótọ́, òun náà sì ni bàbá dà nù.

Awọ yẹn gan-an ni mo ń sọ. Ní 2002, onímọ̀ kan, Tsutomu Matsumoto, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi jẹlatíìnì ṣe ìka ayédèrú, wọ́n gbé e síwájú ẹ̀rọ 11 tó ń yẹ ìka wò, gbogbo wọn ló gbà á wọlé. Jẹlatíìnì rèé, awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ń sè kó tó jáde!

Ìbọ̀wọ́-Ísọ̀ ni àbá tèmi. Ìka jẹlatíìnì jẹ́ ìbọ̀wọ́-Ísọ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ayédèrú náà jẹ́ ìbọ̀wọ́-Ísọ̀. “Ẹnì kan wọ ìbọ̀wọ́-Ísọ̀, ó kọ lẹ́tà bí ọ̀gá, akápò sì sanwó.” Ó wọ gbólóhùn wẹ́kú. Ẹ fi “ìwà Jékọ́bù” síbẹ̀, ẹ ó rí i pé èébú ló máa dà, gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Jékọ́bù ni yóò sì bá wí.

Ẹni tó béèrè pé àwọn tí kì í ka Bíbélì ńkọ́, òótọ́ lẹ sọ. Àlùkùránì sọ ìtàn àwọn ọmọ Ádámù méjèèjì ní Súrà 5 láì dárúkọ wọn, kò sì dárúkọ Ísọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni; ẹni tí kò mọ Ísọ̀ ṣì máa mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan bo ọwọ́.

Ibi tó ti ń rú mi lójú ni ohùn. Ẹ̀rọ ti ń ṣe ẹ̀dà ohùn èèyàn báyìí, tó bá jẹ́ lónìí, ohùn Ísọ̀ gan-an ni Ísákì ì bá gbọ́. Ohùn kì í sì í wọ ìbọ̀wọ́. Kí ni ká wá pe ìyẹn?