Irin gáàsì tí wọ́n fi ń jó ìwo ọmọ màlúù: mo fẹ́ gbé e lọ s'Abẹ́òkúta, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìtòkú, Leeds
Ẹ kú ilé o gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá. Àbúrò bàbá mi ní oko màlúù lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, torí wàrà wọ́n ń fi àtọ̀ Friesian, màlúù òyìnbó oníwàrà, dá àwọn abo màlúù Fúlàní funfun wọn lóyún, àwọn ọmọ ti ń jáde báyìí, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n hùwo torí àwọn àgbà inú wọn ń fi ìwo gún ara wọn lọ́mú tí wọ́n bá kó wọn jọ fún wàrà fífún. Mo rí irin kan tó ń lo gáàsì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn àgbẹ̀ níbí, ti oníná mànàmáná ò lè bá wọn lára mu, ẹ sá mọ ọ̀rọ̀ NEPA. Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó, báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀?

Ìyá Màlúù, Cork
Àbúrò mi, ó dáa, irú ẹ̀ la ń lò níbi iṣẹ́ mi. Kọ́kọ́ bi wọ́n pé ọmọ màlúù yẹn ti pé oṣù mélòó. Láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, inú awọ orí ni ẹ̀hù ìwo yẹn ṣì wà, kò tíì lẹ̀ mọ́ agbárí, tó o bá fi ìka tì í á máa rìn. Ìgbà yẹn ni irin yìí wúlò. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìwo á ti di ara egungun, ihò inú egungun iwájú orí á sì máa wọnú ìwo lọ bó ṣe ń dàgbà, gígé ni wọ́n máa gé e nígbà yẹn, dókítà ẹran ló ni ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ìdí ìwo kú, kó má mọ ìrora. Iná ni, ẹran sì ń jẹ̀rora. Níbi tó o wà yẹn gan-an, òfin ò gbà kí wọ́n fi irin gbígbóná jó ìwo ọmọ màlúù láìfún un ní abẹ́rẹ́ yẹn, bó ti wù kó kéré tó. Àárín ojú àti ìdí ìwo ni wọ́n ń gún un sí, lábẹ́ etí egungun tó yọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni iṣan tó ń gbé ìrora ìwo lọ sọ́pọlọ ń gbà. Kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ìdí ìwo wò, tó bá ṣì ń gbọnrí, wọn ò gbọdọ̀ tíì fọwọ́ kan irin.

Tí ibẹ̀ bá ti kú, kí wọ́n so orí ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n gé irun ibẹ̀. Irin gbọ́dọ̀ pọ́n, kí wọ́n fi ẹnu ẹ̀ kan igi gbígbẹ, tí kò bá sàmì róbótó dúdú lójú ẹsẹ̀, kò tíì gbóná tó. Gbé e bo ẹ̀hù ìwo yẹn, máa yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, wàá rí i tí àwọ̀ àyíká ẹ̀ dà bíi ti bàbà, gbé e kúrò. Irin tí kò gbóná tó ló léwu jù, torí wàá dì í mú pẹ́, agbárí ọmọ màlúù fẹ́lẹ́, ooru yẹn lè dé ọpọlọ. Kí irin tún pọ́n kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ìkejì.

Ọ̀gá Gáàsì, Calgary
Iṣẹ́ gáàsì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ ti ìtọ́jú. Àkọ́kọ́, tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń rọ gáàsì sínú ọwọ́ ẹ̀ ni, butane nìkan ni kí wọ́n fi sí i, irú èyí tí wọ́n ń rọ sí láítà, èyí tó mọ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má lọ fa gáàsì látinú sílíńdà ìdáná sínú ẹ̀! Propane wà nínú gáàsì ìdáná, agbára ẹ̀ ju ohun tí táńkì kékeré yẹn lè gbà lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ rọ ọ́, kí wọ́n pa á, kó tutù pátápátá, kí wọ́n dojú agolo dé e níta gbangba níbi tí kò síná, kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó ṣáná sí i.

Tí iná ẹ̀ bá ń kú ṣáá, lọ́pọ̀ ìgbà ihò kékeré tí gáàsì ń gbà jáde ló ti dí, gáàsì tí ò mọ́ ló ń dí i. Afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ fi máa fẹ́ ẹ, ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láé, ihò yẹn á fẹ̀ sí i, iná ò ní ṣe déédéé mọ́. Irun àti awọ tó jó mọ́ ẹnu irin ńkọ́? Kó tutù, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á, torí ẹ̀gbin yẹn kì í jẹ́ kí ooru dé ara ẹran. Bó bá jẹ́ èyí tó ní họ́ọ̀sì àti rẹ́gúlétọ̀ ni, ìfófòó ọṣẹ ni kí wọ́n fi pa gbogbo oríkèé ẹ̀ kí wọ́n tó tan án, ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Níbí tí òtútù ti ń pa wá, butane kì í fẹ́ dìde, ìyẹn ò ní dààmú wọn l'Abẹ́òkúta, oòrùn ni kí wọ́n sá fún, kí wọ́n má fi sínú mọ́tò ọ̀sán.

Ọmọ Ìtòkú, Leeds
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo lè kó agolo gáàsì ẹ̀ sínú àpótí?

Ọ̀gá Gáàsì, Calgary
Rárá o, ọkọ̀ òfuurufú ò gbà á, ì báà ṣe àpótí ńlá tàbí ti ọwọ́. Irin nìkan, kó ṣófo, kó má rùn gáàsì, kó o sì ti béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn ṣáájú.

Dókítà Ẹran, Alábàtà
Ẹ kú àjò o. Ilé ni mo wà, ẹ jẹ́ n fi ti ilé kún un. Lidocaine, abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ibẹ̀ kú yẹn, wà níbí, kí wọ́n pe dókítà ẹran wá fi ọwọ́ gún un fún wọn, kí wọ́n sì tún gba meloxicam, oògùn ìrora, torí wákàtí díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn fi ń ṣiṣẹ́, oró iná ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa, ò jìnnà sí Ọ̀dẹ̀dá. Òjò ni ìṣòro wa, eṣinṣin á bà lé egbò, ìdin á dé, ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí nígbà òjò ò lè dúró dìgbà ọyẹ́ torí ìwo ẹ̀ á ti le, ẹ jó o, kẹ́ ẹ fi sípìréè egbò aláwọ̀ búlúù yẹn sí i, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, kí wọ́n gbá koríko gbígbẹ kúrò nílẹ̀, kí omi wà nítòsí, irin tó pọ́n tẹ́nì kan gbé sílẹ̀ lè jó odindi oko.

Ọmọ Ìtòkú, Leeds
Àmín, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo máa fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹnu irin ńkọ́, àwọn tí mo rí fẹ̀ ju ara wọn lọ, èwo ni kí n mú?

Ìyá Màlúù, Cork
Mú èyí tó lè gba gbogbo ẹ̀hù ìwo sínú kó sì kan awọ tó yí i ká, torí awọ yẹn ni ìwo ti ń hù, tó bá ṣẹ́kù, àkùkù ìwo á tún hù jáde. Ra ẹnu irin kan sí i pamọ́, ooru máa ń jẹ ẹ́. Sì sọ fún wọn pé nígbà mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ ra àtọ̀, kí wọ́n béèrè ti akọ tí kì í hùwo, ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹ̀ ò ní nílò irin rárá.