Mo pa ohun tí co-teacher mi kọ rẹ́ lójú àwọn òbí, ẹ gbà mí o

Moṣọ́pẹ́, Daegu
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní South Korea ńbí. Oorun ò kun ojú mi lóru. Open class la ṣe lánàá, àwọn òbí àti igbákejì ọ̀gá ilé ìwé jókòó sẹ́yìn. Co-teacher mi, tíṣà ará Korea tá a jọ ń kọ́ kíláàsì, wá kọ "I am boring" gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mo gbá dọ́sítà mú, mo pa á rẹ́, mo kọ "bored" síbẹ̀, torí ẹni tó ń sú àwọn èèyàn ni "boring". Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Látìgbà yẹn, mo kí i, kò dá mi lóhùn, kọ̀ǹpútà ló ń wò. Hoesik, oúnjẹ alẹ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ máa ń jẹ, sì wà lọ́jọ́ Jímọ̀, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n sì máa pinnu bóyá wọ́n á tún àdéhùn mi ṣe. Ṣé kí n ra ẹ̀bùn fún un ni? Tí wọn ò bá tún un ṣe, ilé tí mò ń gbé ńkọ́? Físà mi ńkọ́?

Àlàó, Busan
Moṣọ́pẹ́, ọmọ ta ni ẹ́? Dọ́sítà! Lójú òbí!

Moṣọ́pẹ́
Ẹ̀gbọ́n, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí o. Nílé ìwé tiwa, ẹni tó bá rí àṣìṣe tíṣà ló ń gba ìyìn.

Ìyá Ìbejì, Gwangju
Ẹ yé bú ọmọ ọlọ́mọ. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́? Hagwon, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí àwọn ọmọ ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa ń fi kíláàsì kún kíláàsì, mo bá dìde níwájú àwọn ìyá ọmọ, mo ní kò sí nínú àdéhùn. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku oṣù kan péré kí ọdún pé, ó ní iṣẹ́ ti tán. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e: owó oṣù kan tí wọ́n máa ń san féèyàn tó bá pé ọdún, ó lọ. Owó ọkọ̀ òfuurufú, ó lọ. Òtítọ́ tí mo sọ yẹn wọ́n ju góòlù lọ.

Fẹ́mi, Seoul
Ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Iṣẹ́ wo ni wọ́n torí ẹ̀ gbé e wá láti Lọ́ńdọ̀nù? Ṣé kí àwọn ọmọ yẹn máa pariwo "I am boring" títí wọ́n á fi jókòó ṣe Suneung, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ni? Orílẹ̀-èdè tó ń dá ọkọ̀ òfuurufú dúró fún ìṣẹ́jú 35 lóṣù kọkànlá, nítorí kí àwọn ọmọ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìdánwò dáadáa!

Àlàó
Ta ló ní kó má tún un ṣe? Kó kọ tiẹ̀ sísàlẹ̀, kó ní "a tún lè sọ pé." Tí kíláàsì bá tán, kó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó rọra sọ ọ́. Pípa rẹ́ yẹn ni mò ń bá a jà lé lórí.

Fẹ́mi
Títí dìgbà tí wọ́n á rọra sọ ọ́ yẹn, ọmọ mẹ́ta ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyá Ìbejì
Fẹ́mi, ìdánwò tí obìnrin yẹn ṣe kó tó di tíṣà ìjọba, ìwọ ò lè ṣe é. Òun ni àwọn òbí wá wò, kì í ṣe Moṣọ́pẹ́. Ṣé o rí i báyìí?

Rọ́lákẹ́, Incheon
Àgbà ẹ ni àbí ẹgbẹ́ ẹ?

Moṣọ́pẹ́
Ọjọ́ kìíní tí mo débẹ̀ ló ti bi mí ní ọdún tí wọ́n bí mi. Ọdún méjì ló fi jù mí lọ, àǹtí.

Rọ́lákẹ́
Ọdún méjì! Ẹ̀gbọ́n pátápátá nìyẹn. Òfin ọdún 2023 yí bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí padà nínú ìwé o, kò dé staffroom tèmi.

Àlàó
Kò pọ̀ jù. Kó lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Rọ́lákẹ́
Háà! Bọ̀dá Àlàó, ẹ má pa ọmọ náà! Kíkúnlẹ̀ ibí yìí kì í ṣe "ẹ kú àárọ̀ mà." Ẹni tó bá kúnlẹ̀ níwájú èèyàn ní Korea, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ fún ọ̀gá wa nígbà tí mo pẹ́ dé ìpàdé. Ìbẹ̀rù mú un, ó sáré tilẹ̀kùn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lè wò mí lójú. Moṣọ́pẹ́, tẹríba fún un, kó o sọ pé ìwọ lo jẹ̀bi, kó o má ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì kankan. Tó o bá ti ṣàlàyé pẹ́nrẹ́n, o ti tún bẹ̀rẹ̀ ìjà nìyẹn.

Káyọ̀dé, Daejeon
Ẹ̀bùn ńkọ́? Má dán an wò o. Látìgbà tí òfin ọdún 2016 tó ń ká wọn lọ́wọ́ kò lórí ẹ̀bùn ti dé, àwọn tíṣà ìjọba ń sá fún ẹ̀bùn bí ẹni rí ejò. Mo gbé ginseng alápótí pupa lọ fún igbákejì ọ̀gá wa, ọwọ́ méjèèjì ló fi tì í padà, gbogbo staffroom ń wò. Tteok, àkàrà ìrẹsì wọn, ni kó o rà, kó o pín in káàkiri tábìlì gbogbo wọn. Èyí tó bá kan tiẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Alhaja Mulikat, Daegu
Kó sì lọ sí hoesik o. Ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á ní ó ń bínú. Má bu ohun mímu fún ara ẹ. Ife co-teacher ẹ ni kó o máa wò; tó bá ti ń lọ sílẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò, bu ú fún un. Tí ìwọ náà bá fẹ́ mu, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Samgyeopsal, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ni wọ́n máa ń sun ní tiwa, ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì ni mo máa ń jẹ, cider ni mo máa ń mu, kò sẹ́ni tó bínú.

Moṣọ́pẹ́
Cider? Alhaja?! Ọtí nìyẹn ní Lọ́ńdọ̀nù!

Alhaja Mulikat
Astaghfirullah. Ẹlẹ́rìndòdò ni tibí, ọmọ yìí. Bíi Sprite.

Fẹ́mi
Ní ti físà, wá D-10 lọ tí wọn ò bá tún un ṣe, kó o fi wá iṣẹ́ mìíràn. Ní ti pension, ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ń gba tiwọn padà tí wọ́n bá ń lọ. Ẹ̀yin oníwèé ìrìnnà Britain, ẹ pẹ̀lẹ́.

Àlàó
Daegu yẹn gan-an ni ìṣòro ẹ. Ìlú tí wọ́n fẹnu ara wọn pè ní Daefrica nítorí ooru, ta ni inú ẹ̀ á dùn níbẹ̀? Ní Busan ńbí, tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, a ó jọ jókòó sétí òkun Gwangalli, ìjà ti parí.

Káyọ̀dé
Busan tí wọ́n ń kíra wọn bí ẹni ń jà! Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ tí ìjà bá parí?

Fẹ́mi
Seoul là ń gbé o. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun gidi, ṣebí ọ̀dọ̀ wa lẹ ń bọ̀.

Àlàó
Yàrá ẹ ní Seoul, tó o bá na ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí.

Ìyá Ìbejì
Ó kúkú dárúkọ oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Itaewon ní Seoul, ẹ wo fíríìsà àwọn Lárúbáwá. Molokhia tí wọ́n ń tà yẹn, ewédú ni. Mo fi ìgbálẹ̀ ja á, àwọn ìbejì lá abọ́.

Káyọ̀dé
Ẹ má jẹ́ kí n rántí. Mo ra ohun tí wọ́n ń pè ní "ma" níbí, mo rò pé iṣu wa ni. Mo sè é, mo gún un, ó ń yọ̀ bí ilá. Mo da ọbẹ̀ sí i, mo jẹ ẹ́, mo ń dá sunkún.

Alhaja Mulikat
Hwangtae, ẹja gbígbẹ wọn, dára fún ọbẹ̀ dípò pánla. Ata wọn ni kò ní òórùn rodo. Ó kàn ń pupa.

Moṣọ́pẹ́
Mọ́mì mi ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà Chuseok, ọdún ìkórè ibí, o. Ta ló fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé nǹkan?

Àlàó
Èlùbọ́! Àǹtí, ẹ kọ orúkọ mi sókè pátápátá.

Fẹ́mi
Gààrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan.

Rọ́lákẹ́
Pọ̀nmọ́ kékeré.

Ìyá Ìbejì
Rọ́lákẹ́, ìwọ tó ò ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ òfuurufú Incheon? Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò fẹ́ rí ẹran lẹ́rù ẹnikẹ́ni. Èlùbọ́ ni kó o bá wa ná.

Moṣọ́pẹ́
Ó dáa. Kílò mélòó mélòó? Ta ló máa san owó ẹrù tó bá lé?

Àlàó
Ará Seoul ni. Àwọn ló lówó.