Kí ni nọ́ọ̀sì méjì lè ṣe bí aláìsàn bá fẹ́ lù wọ́n ní wọ́ọ̀dù àrùn ọpọlọ?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́ọ̀dù ọkùnrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ kan, àwa méjì péré ni a sì máa ń wà níbẹ̀ lóru. Láìpẹ́ yìí, aláìsàn kan tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ gbá ẹnìkejì mi létí nígbà tí ó ń fún un lóògùn. Ọ̀gá wa ní kí a má kọ ọ́ sílẹ̀, pé ohun tí iṣẹ́ náà mú wá ni. N kò bínú sí aláìsàn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é láìso ènìyàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì?

Ìdáhùn nọ́ọ̀sì àgbà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Kí aláìsàn tó gbé ọwọ́ sókè, ara rẹ̀ yóò ti sọ fún yín: yóò máa rìn síwá sẹ́yìn, yóò di ẹ̀ṣẹ́, yóò máa wo igun kan bí ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún. Ní àsìkò yẹn, ẹnìkan ṣoṣo nínú yín ni kí ó bá a sọ̀rọ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè tó o, kí ẹnu ọ̀nà sì wà ní ṣíṣí fún ẹ̀yin àti òun. Àlùmọ́gàjí kò gbọdọ̀ sí lápò yín. Ẹ má bá a jiyàn lórí ohùn náà, ẹ má sì ní ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ẹ bi í léèrè ohun tí ohùn náà ń sọ, nítorí bí ó bá ń ní kí ó lu ènìyàn, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo tọ́jú ẹnìkan rí tó ń ju àwo káàkiri, tí ó jẹ́ pé oògùn tí à ń fún un ni kò jẹ́ kí ó rí ìtọ̀ tọ̀. Nígbà tí a fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà, ó sùn.

Ìdáhùn
Òótọ́ ni màmá sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin. Bí ó bá di dandan kí ẹ di í mú kí ẹ tó gún un ní haloperidol, abẹ́rẹ́ tó ń mú ara aláìsàn balẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù kejì. Ẹ má dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ má sì tẹ ẹ́ lẹ́yìn, kí èémí rẹ̀ má baà dí. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ máa ṣọ́ mímí rẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀. Bí ọrùn rẹ̀ bá lọ́ tàbí tí ahọ́n rẹ̀ bá yọ síta, kì í ṣe pé ó ń díbọ́n, oògùn náà ló fà á, dókítà sì ní oògùn mìíràn tí yóò tú u.

Ìdáhùn mọ̀lẹ́bí aláìsàn
Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù. Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé ó rò pé a ti já òun jù síbẹ̀. Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan ti ń sọ ọjọ́ tí a óò wá fún un ní àràárọ̀, ìjà náà dín kù púpọ̀.

Ìdáhùn
Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ohun yòówù kí ọ̀gá sọ. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kíní ọdún 2023 ti fi ààlà sí síso aláìsàn mọ́lẹ̀ àti títì í mọ́ yàrá òun nìkan. Nítorí náà, ènìyàn tó pọ̀ tó lẹ́nu iṣẹ́ ni ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi dípò okùn. Ẹ kọ aago tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣáájú ìgbátí náà, iye aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù àti iye ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́wọ́ yín.