Kí ni màmá mi lè jẹ ní Hiroshima àti Fukuoka?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ àti màmá mi ń lọ sí Japan, oúnjẹ ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ń wù wá jẹ. Mùsùlùmí ni màmá, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se omi ráménì Hakata, ìyẹn núdù olómi ọbẹ̀ ti Fukuoka. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú okonomiyaki Hiroshima, oúnjẹ pẹlẹbẹ bíi páńkéèkì tí wọ́n ń to kábéèjì àti núdù sí lórí irin gbígbóná. Tí a bá bẹ̀ wọ́n, ṣé wọ́n á fi edé rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́kọ́ nu irin náà? Àbí ká kúkú yà sí agbègbè Kagawa lọ jẹ udon Sanuki, ìyẹn núdù tó nípọn, tó jẹ́ pé ẹja gbígbẹ ni wọ́n fi ń se omi rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kó àgbàlagbà lọ rí, kó bá mi dá sí i. Mi ò fẹ́ kí màmá jókòó máa wò wá lẹ́nu.